Òjò Ofosu àti Kòkó Orí Ẹní

Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé ní Isle of Man, erékùṣù kékeré tí ó wà láàrin ilẹ̀ Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ fún mi pé ojú ọjọ́ wọn kì í ṣe àṣejù: òkun tí ó yí wọn ká kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Ofosu ní oṣù Kẹwàá, lójú ọ̀nà Òrè sí Benin, níbi tí ilẹ̀ Ìdànrè ti ń sún mọ́ ààlà Ìpínlẹ̀ Ẹdó.

Kò sí òkun níbẹ̀. Igbó ni ó ń ṣe iṣẹ́ òkun. Oòrùn ń jó ọ̀dà lójú títì, ṣùgbọ́n bí mo ti wọ abẹ́ igi kòkó, ara tù mí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo lọ bá. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Kòkó tí wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, tí ó ti kan dáadáa, wà lórí ẹní, kò sì rí oòrùn. Bí kòkó kò bá gbẹ, yóò bu. Èyí tí ó bá bu, ẹ̀dínwó ni oníkòkó yóò fi rà á. Èyí tí ó ṣì wà lórí igi pàápàá kò bọ́, nítorí ọ̀rinrin a máa fa àrùn tí ń sọ èso rẹ̀ di dúdú.

Mo bi wọ́n pé, “Bàbá, ṣé kì í ṣe ìgbà tí òjò ń lọ sílé nìyí?”

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ó ti gbàgbé ọ̀nà ilé.”

Owó ilé-ìwé àbígbẹ̀yìn wọn wà nínú kòkó yẹn. Onígẹdú kan sì ti ń wá sọ́dọ̀ wọn nítorí ìrókò ńlá tí ó ṣíji bo oko. Wọ́n fi oko aládùúgbò wọn hàn mí, níbi tí wọ́n ti gé gbogbo igi ńlá: ewé kòkó ibẹ̀ a máa rọ ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọyẹ́ tó dé rárá. (Mo ti rò pé àsọdùn ni, títí mo fi dúró níbẹ̀ ní ọ̀sán.)

Ní ọjọ́ kẹta, oòrùn yọ. A sáré ká ọ̀rá kúrò, a ń fi ẹsẹ̀ da kòkó káàkiri. Ní ìrọ̀lẹ́, onígẹdú náà tún dé.

Bàbá kò dìde. Wọ́n ní kí ó padà wá ní Sátidé, wọ́n sì gbójú sókè wo ìkùukùu tí ń bọ̀ láti apá Benin.