Ibi tí Kọ́sọ̀ Dúró Sí

Kò sí ẹnìkan nínú àwa olùkọ́ tí kò mọ ọ̀pá tí a fi ń tọ́ka sí ara pátákó. Bí ọ̀pá bá wà lórí A, gbogbo kíláàsì a ké A. Bí ó bá sì yẹ̀ sórí B láìjẹ́ pé olùkọ́ fura, ohun tí ó wà lẹ́nu àwọn ọmọ àti ohun tí ó wà lójú pátákó kò bá ara wọn mu mọ́. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ni kọ́sọ̀ jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tàbí àpótí kékeré, tí ń ṣẹ́jú lemọ́lemọ́, tí ń sọ fún ẹni tí ń tẹ̀wé pé ibí ni lẹ́tà tí ó kàn yóò bọ́ sí. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n mo ti rí i bí ó ti ń da ẹ̀kọ́ àkọtọ́ Yorùbá rú, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ mọ ìdí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ni ó ń lo àwòrán. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ sójú fèrèsé kan tí a ń pè ní tẹ́mínà. Mo fẹ́ràn wọn fún ilé ẹ̀kọ́, nítorí kọ̀ǹpútà ogbó tí àwọn ènìyàn ti pa tì pàápàá lè gbé wọn. Ojú tẹ́mínà rí bí ìwé ìṣirò tí a fi ìlà pín sí àyè kéékèèké: láyé àtijọ́, ìlà 24 ni, àyè 80 sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Àyè kan, lẹ́tà kan; orí àyè kan ṣoṣo ni kọ́sọ̀ sì máa ń dúró.

Bí ètò bá fẹ́ gbé kọ́sọ̀ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, àrokò ni yóò pa ránṣẹ́ sí tẹ́mínà. Àmì tí a ń pè ní Escape, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 27, ni ó máa ń ṣáájú. Àmì yìí kì í hàn sójú. Bí tẹ́mínà bá ti gbà á, ó mọ̀ pé ohun tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe ohun tí a ó kọ sílẹ̀, àṣẹ tí a ó mú ṣẹ ni. Bí ètò bá fi [5;10H tẹ̀ lé Escape, kọ́sọ̀ yóò bọ́ sórí ìlà karùn-ún, ní àyè kẹwàá.

Ṣùgbọ́n àrokò tí ará ìlú kan mọ̀, ará ìlú kejì lè má mọ̀ ọ́n. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ni ó ń ṣe tirẹ̀: tẹ́mínà VT52 ti Digital Equipment Corporation fẹ́ kí Y tẹ̀ lé Escape, ADM-3A ti Lear Siegler sì fẹ́ àmì ìdọ́gba. Bill Joy, ní Yunifásítì California ní Berkeley, ṣe àkójọ kan tí ń jẹ́ termcap ní 1978, kí ètò lè máa wo ibẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni Ken Arnold kọ́ curses sí. (Èpè ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi orúkọ kọ́sọ̀ dá àpárá ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti lò ó rí mọ̀ pé àpárá náà ní ìdí.) Ní ọdún 1978 kan náà ni VT100 jáde, àrokò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tẹ́mínà sì ń gbọ́ títí di òní. Windows ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn fún ìgbà pípẹ́: ètò a pe iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ SetConsoleCursorPosition, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ìkà láti òdo, nígbà tí àwọn yòókù ń bẹ̀rẹ̀ láti ení. Nínú Windows 10, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2015, ni fèrèsé rẹ̀ tó wá ń gbọ́ àrokò, ó sì ṣì yẹ kí ètò tọrọ àyè kí ó tó lò ó.

Ní 2024 ni wọ́n gbé ètò àkọtọ́ kan wá sí díẹ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń bẹ̀ wò. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Yóò to ọ̀rọ̀ sínú àtẹ, ọmọ yóò sì tẹ irú rẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n bí a bá to ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ tẹ̀ léra wọn, ìlà òòró tí ó yẹ kí ó gún régé lápá ọ̀tún a wọ́ bí ọgbà tí ewúrẹ́ ti gbún. Èyí tí ó burú jù ni ti Backspace. Ọmọ a tẹ ọ̀, a pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà náà a pòórá lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì ohùn nìkan ni ètò pa, ọ ṣì wà nínú ìrántí rẹ̀. Ọmọ a tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ dáadáa, ètò a sì ní kò gbà á. Mo rí ọmọbìnrin kan tí ó tẹ ọ̀kọ̀ bí ó ti yẹ gan-an, tí ẹ̀rọ sì pè é ní aláìmọ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Nínú Unicode, é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ náà sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ àti ọ̀ kò ní: lẹ́tà gba nọ́ńbà kan, àmì ohùn gba òmíràn. Bí ètò bá ka nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn yóò jẹ́ 3, 4, 4, àti 5. Bí ó bá ka báìtì, bí UTF-8 ti ń tọ́jú wọn, wọn yóò di 7, 9, 9, àti 11. Lójú tẹ́mínà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò gbà ju àyè 3 lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni kọ́sọ̀ fi ń ṣìnà. Ɓ, ɗ àti ƙ ti Hausa kò ní wàhálà yìí bí ètò bá ń ka nọ́ńbà, nítorí nọ́ńbà kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Igbo pẹ̀lú àmì ohùn yóò bá a pàdé gẹ́gẹ́ bí àwa.

Nígbà tí a ké gbàjarè, ìmọ̀ràn tí ó padà wá ni pé kí a yọ àmì ohùn kúrò, gbogbo rẹ̀ yóò sì gún. Orí bíbẹ́ kì í ṣe oògùn orí fífọ́. Bí a bá yọ àmì ohùn, ọkọ́ tí bàbá gbé lọ sóko, ọkọ̀ tí a wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ mú dání yóò di ọkọ ìyàwó lọ́kan-ò-jọ̀kan, ètò náà kì yóò sì ní ohun kan tí yóò kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kọ̀wé pé a kò gbà.

Ọ̀nà tí ó tọ́ kò le. Iṣẹ́ kan wà tí a ń pè ní wcwidth, tí ń sọ iye àyè tí àmì kọ̀ọ̀kan gbà: 1 fún ọ, 0 fún àmì ohùn, 2 fún lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà. Ó wà lórí Linux àti Mac. Ti Windows, kí ètò gbé e dání wá. Ètò tún lè bi tẹ́mínà léèrè ibi tí kọ́sọ̀ wà: yóò fi [6n tẹ̀ lé Escape, tẹ́mínà yóò sì dá a lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà àti ti àyè. Ohun ìyanu ni pé ẹnu ọ̀nà tí títẹ̀ ọmọ ń gbà wọlé ni ìdáhùn náà ń gbà, bí ẹni pé ọmọ ni ó tẹ̀ ẹ́. Ètò tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò rò pé ọmọ ń tẹ ìsọkúsọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un fún ẹni tí ẹ̀rọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ètò a máa fi àrokò pa kọ́sọ̀ mọ́ nígbà tí ó bá ń to àtẹ. Bí ó bá kú lójijì kí ó tó fi hàn padà, kọ́sọ̀ kò ní sí lójú mọ́. Ẹ má ṣe pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Lórí Linux tàbí Mac, ẹ tẹ reset, kí ẹ tẹ Enter, bí ẹ kò tilẹ̀ rí ohun tí ẹ ń tẹ̀. Lórí Windows, ẹ pa fèrèsé náà dé, kí ẹ ṣí òmíràn.

Bí wọ́n bá sì tún gbé ètò irú èyí wá fún yín, kí ẹ tó fi ọwọ́ sí ìwé pé ẹ gbà á, ẹ to ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sínú àtẹ rẹ̀, kí ẹ wo apá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ọ̀kọ̀, kí ẹ fi Backspace pa á rẹ́, kí ẹ tún un tẹ̀. Ẹ ṣe é lórí Windows, kí ẹ ṣe é lórí Linux pẹ̀lú.