Ta Ló Ni Oko Náà?

Nígbà ààwẹ̀, aago mẹ́rin ìdájí ni ilé wa ní Ọ̀fà máa ń jí fún sààrì. Bí ìyá mi bá ti ń gbé ọbẹ̀ kaná, èmi náà á ti gbé kọ̀ǹpútà lé itan, mà á máa bẹ àwọn ẹ̀rọ mi wò. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n wà, n kò sì dé ibẹ̀ rí. Mà á wò ó bóyá àyè ṣì kù nínú wọn, bóyá ẹ̀dà tó yẹ kí wọ́n ṣe lóru pé, bóyá ẹnikẹ́ni ti já ilẹ̀kùn. Kò sí òru tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fi oríṣiríṣi pásíwọ́ọ̀dù dán ilẹ̀kùn náà wò.

Lọ́dún 2024, ní sààrì kejì, ìyá mi gbé àwo síwájú mi, ó ní, "Èló gan-an ni wọ́n ń san fún ẹ lórí iṣẹ́ yìí?"

"Wọn kì í sanwó, Màámi. A jọ ń ṣe é ni."

"Ṣé sàárà ni?"

"Rárá. Ẹ kúkú pè é ní ọ̀wẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wọn ànàmọ́ fún oníbàárà ní ọjà Ọ̀wọ́dé kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn láìwọ̀n ọ́n. "Ọ̀wẹ̀ ní olóko. Olóko ló ń bẹ̀ wọ́n, òun náà ló ń se oúnjẹ fún wọn. Ta ló ni oko tìrẹ?"

Mo fi òkèlè dí ẹnu mi.

Ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan ni iṣẹ́ tí mò ń sọ, èyí tí àwọn ilé-ìkàwé tí kò rówó ra ti olówó gọbọi fi ń to ìwé wọn. Àwa méje là ń ṣe é, n kò sì fojú kan èyíkéyìí nínú wọn rí. Àwọn mẹ́fà ń kọ ètò náà; èmi ń tọ́jú ibi tó ń gbé. Iṣẹ́ agbálẹ̀ ọjà ni tèmi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ta ní ń béèrè ẹni tó gbá a?

Sọ́fíwià ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n "ọ̀fẹ́" yẹn ń tan èèyàn jẹ. Nígbà tí Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1983, òmìnira ló ní lọ́kàn: kí ẹni tó ń lo ètò lè tú u wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ohun tí a kò sanwó rẹ̀ àti ẹni tí kò sí nínú ìdè, nítorí náà láti ọdún náà wá ni wọ́n ti ń ṣàlàyé. Àwa kò ní wàhálà yẹn. Ọ̀fẹ́ ni ènì tí ìyá mi ń bù lé ànàmọ́. Òmìnira ni kí ẹnikẹ́ni má lè ti ilẹ̀kùn oko mọ́ ọ.

Kí ló wá mú mi wọ inú rẹ̀? Lọ́dún 2008, mo wà ní Pólì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà nílùú wa, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992. Kàfé la ti ń rí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, owó tó wà lápò mi kò sì lè gba ohun ńlá wọlé. A gbọ́ pé àwọn Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ń fi síìdì ètò wọn ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, láìgba kọ́bọ̀. Mo fi àdírẹ́sì mi ránṣẹ́, mo sì gbàgbé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilé ìfìwéránṣẹ́ ní kí n wá gba ẹrù. Síìdì yẹn ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé orí ètò mìíràn, Debian, ni Ubuntu gùn lé, àti pé láti 1993 tí Ian Murdock ti dá Debian sílẹ̀, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń gbé e ró. Àwọn tí kò mọ ibi tí Ọ̀fà wà ti bá mi ṣiṣẹ́ kí n tó mọ ọkọ́ dì mú. Gbèsè ni mo rò pé mo ń san.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 yẹn, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ lápá etíkun Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọjọ́ náà gan-an ni àyè tán nínú ẹ̀rọ wa, tí kò gba ìwé tuntun wọlé mọ́. Àwọn mẹ́fà yòókù ń wò ó bọ̀ọ̀. Ọwọ́ mi nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. N kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Ó kàn ń dùn mọ́ mi kí wọ́n máa wá mi ni. Kí n tó rí ọ̀nà wọlé, ilẹ̀ ti ṣú, ó ti mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Jímọ̀, à ń retí ìṣínu nígbà tí ìròyìn xz dé. Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ló ṣàkíyèsí pé wíwọ inú kọ̀ǹpútà òun láti òkèèrè ń pẹ́ ní ìwọ̀n ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n gbẹ́ sínú xz, irinṣẹ́ tí ń fún fáìlì pọ̀, tó wà nínú àìmọye kọ̀ǹpútà Linux. Lasse Collin, ọmọ Finland, ló ti ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgbowó. Ní 2022, ó sọ ọ́ ní gbangba pé ara òun kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bá a gbé e, ó lé ní ọdún méjì, títí kọ́kọ́rọ́ fi dé ọwọ́ rẹ̀, ló bá gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà.

Ẹ̀rọ tiwa kò fara gbá, torí Debian tí a ń lò pẹ́ ju èyí tí wọ́n bà jẹ́ lọ. Síbẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná kò dùn lẹ́nu mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi tí mo há kọ́kọ́rọ́ mọ́ra ti ṣìṣe. Ọkùnrin yẹn tí àárẹ̀ mú, tó jọ̀wọ́ tirẹ̀, náà rí ogun. Ọ̀nà wo ló kù?

Ọmọ ìlú tí ìjàkadì jẹ́ orò rẹ̀ ni mí. Bí ọdún Onímọ̀ká bá dé, Ọlọ́fà fúnra rẹ̀ àti olóyè Ẹ̀sà ló ń wọ̀yá ìjà. Láti kékeré la ti mọ̀ pé ẹni tí a bá dìmú la mọ bó ṣe wúwo tó. Ta ló dìmọ́ Jia Tan rí?

Mo wá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Pólì, ọmọbìnrin tí ń béèrè ìbéèrè ju bó ṣe ń sọ pé òun mọ̀ ọ́n lọ. A jọ ń jókòó sí ìta ilé wa. Oṣù mélòó kan ló fi ń wò lásán. Lẹ́yìn náà ló ń ṣe ẹ̀dà òru. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ kó tún un ṣe. Ọdún ń lọ sópin kó tó gba kọ́kọ́rọ́, gbogbo àwa méje la sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ààwẹ̀ 2025 dé, mo jókòó ti àwo sààrì mi, n kò gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Ìyá mi wò mí títí.

"Ṣé wọ́n ti lé ẹ ni?"

"Rárá, Màámi. Ẹlòmíràn ló kàn lónìí."

Ó bu ọbẹ̀ kún tèmi. "Àáró ni, ṣé o rí i? Oko kálukú ló wà níbẹ̀. Ìwọ lo ń pè é lọ́wẹ̀ láti èṣí."