Bí Mo Ṣe Kọ́ Àtúnṣe Hẹ́ẹ̀dì ní Ṣómólú

Ní Ṣómólú, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé pọ̀ sí jù l'Ékòó, ni mo ti kọ́ àtúnṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ bánà. Hẹ́ẹ̀dì, ibi tí íńkì ti ń jáde, ló pẹ́ jù kó tó yé mi.

Ọ̀gá mi kò tètè jẹ́ kí n mú skúrúdiráfà. Ó ní, “Kò sí mọ́tò nínú hẹ́ẹ̀dì yìí, kò sì sí ohun tó ń se íńkì. Kí ló ń tì í jáde?” Mo ní, “Mi ò mọ̀, sà.” Ó wá ṣàlàyé pé ègé tín-ín-rín kan, tí lẹ́ẹ̀dì, sikóníọ̀mù àti titéníọ̀mù wà nínú rẹ̀, ló wà lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan. Bí iná tó wọ̀ ọ́ bá ti ń yí padà, á nà, á súnkì. Bó bá fún yàrá íńkì, ẹ̀kán kan á fò jáde; bó bá dẹ̀ ẹ́, á fa òmíràn wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Jacques àti Pierre Curie, ọmọ ìyá kan náà, ló rí i ní Paris lọ́dún 1880 pé àwọn kírísítálì kan máa ń mú iná wá bí a bá tẹ̀ wọ́n. Lọ́dún 1881, wọ́n fi hàn pé iná náà lè mú kí wọ́n yí ìrísí padà. Hẹ́ẹ̀dì DX5 tí Epson ṣe ní ihò 1,440: ìyẹn ni pé pọ́ǹpù 1,440 ló wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ègé náà kì í sún tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ìdí nìyí tí afẹ́fẹ́ fi jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Omi kì í gbà kí a tẹ òun pọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbà. Bí ìfófòó kékeré bá wọ yàrá, òun ni yóò gbé agbára ègé náà mì, íńkì kò ní jáde.

Látorí èyí ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé àyẹ̀wò, ìyẹn ìwé tí ẹ̀rọ ń tẹ ìlà sí láti fi hàn bóyá gbogbo ihò ń ṣiṣẹ́. Bí ìlà tó sọnù bá ń yí ibi padà lẹ́yìn tí a fọ hẹ́ẹ̀dì, afẹ́fẹ́ ni. Bó bá dúró sójú kan náà, íńkì ló gbẹ síhò. Bí àwọ̀ kan bá lọ pátápátá, dámpà, àpò kékeré tí íńkì ń gbà kọjá kó tó dé hẹ́ẹ̀dì, ni kí o kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà wáyà pẹlẹbẹ tó so hẹ́ẹ̀dì mọ́ bọ́ọ̀dù. Sírínjì la fi ń fọ hẹ́ẹ̀dì, jẹ́jẹ́ sì ni, torí agbára ọwọ́ lè fa inú rẹ̀ ya. Pa ẹ̀rọ kí o tó fa wáyà pẹlẹbẹ náà yọ. Ẹ̀kán omi kan lórí rẹ̀ lè jó hẹ́ẹ̀dì àti bọ́ọ̀dù pọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ, bí ẹnikẹ́ni bá ní hẹ́ẹ̀dì yín ti kú, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ìwé àyẹ̀wò hàn yín, kó sì pààrọ̀ dámpà. Owó dámpà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó hẹ́ẹ̀dì tuntun.