Ẹsẹ̀ Oníjó, Ẹsẹ̀ Aláìsàn

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo gbé wá lónìí.

Ní 2020, fídíò ọmọ ọdún 11 kan tó ń jó ballet nínú òjò l'Ékòó, láìwọ bàtà, lọ káàkiri ayé. Anthony Madu ni orúkọ rẹ̀. Leap of Dance Academy, tí Daniel Ajala dá sílẹ̀ ní 2017, ló ti kọ́ ọ. Ijó yẹn gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ Elmhurst ní Birmingham, ní ìlú Ọba. Àwọn ọmọ wa ní Ìlọràá níbí náà ń wo irú fídíò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ tiwọn dán an wò. Ṣùgbọ́n fídíò kì í fi bí wọ́n ṣe kọ́ ẹsẹ̀ náà hàn.

Ní ilé ìwé nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa pé kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún máa na àtẹ́lẹsẹ̀ síwájú lórí bẹ́ẹ̀dì, kó sì máa fà á padà, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́sẹ̀. Ohun kan náà ni oníjó ballet fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sọ́jà látàárọ̀ dalẹ́, tí ẹsẹ̀ yín ń wú, ẹ gbọ́ o.

1. Ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ kan. Kí ọrùn ẹsẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú, kí ọmọ ìka wá tẹ̀lé e. Ẹ má ká ọmọ ìka kò. Pajápajá ló ń fà. Ẹ má jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọ́ sínú. Ẹ wá fà á padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

2. Ẹ di ẹ̀yìn àga tó dúró dáadáa mú. Ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, kí ọrùn ẹsẹ̀ má yẹ̀ síta. Kí ẹ lọ́ra sọ̀ ju bí ẹ ṣe gòkè lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ tó.

3. Bí ọmọ bá fẹ́ ya ẹsẹ̀ síta bí oníjó, láti ìgbáròkó ni kó ti yí i. Bó bá fi ipá yí àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan, orúnkún ni yóò jìyà rẹ̀.

Lálaalẹ́ ni èmi náà ń ṣe méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí mo bá ti rìn láti ojúlé dé ojúlé.

Dídúró ṣánṣán sórí ọmọ ìka, ẹ má jẹ́ kí ọmọ dán an wò nílé. Egungun ẹsẹ̀ ọmọdé kò tíì gbó. Àwọn olùkọ́ sábà máa ń dúró títí ọmọ yóò fi tó bí ọdún 11 tàbí 12, tí yóò sì ti kọ́ ijó fún ọdún bíi mélòó kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka. Bí egbò bá wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ kéré, tí kò sì dùn yín, ẹ má dìde ṣe ìdárayá. Ẹ wá sí ilé ìwòsàn. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá sì ṣàdédé wú, tó gbóná, tó ń ro yín, ẹ má ṣe ìdárayá, ẹ má fi òróró wọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀, ó sì lè ṣí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn ìyá wa lọ́jà.

Nọ́ọ̀sì yín, Ìlọràá.