Mọ́nàmọ́ná Funfun àti Àbúrò Mi

Àfín ni àbúrò mi obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, orí rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n bí a bá jọ wà ní ìsọ̀ màmá wa ní ọjà èso Ìkòsì, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni àwọn ènìyàn máa ń rí. Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan tó ń yan ọ̀pẹ̀yìnbó wò ó, ó wò mí, ó sì bi màmá mi pé, "Ìyá, ṣé ẹ rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tí ẹ lóyún rẹ̀ ni?" Màmá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n gba owó wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò jẹun. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ẹbí bàbá mi ti máa ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kò sí àfín ní ìdílé tiwọn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Nígbà tí mo wà ní SS 2, olùkọ́ Báyọ́lọ́jì wa kọ́ wa bí ọmọ ṣe ń jogún ìrísí òbí. Ejò ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ní mọ́nàmọ́ná, ejò tí kò lóró, tó ní tẹ́ḿpìlì tirẹ̀ ní ìlú Ouidah ní ilẹ̀ Benin, ni wọ́n ń kó láti Togo, Benin àti Ghana lọ sí òkè òkun, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń sìn nínú ilé. Dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ ni ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àfín máa ń wà nínú wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: funfun àti ìyeyè, ojú rẹ̀ a sì pupa. Ní ọdún 1992, ní Amẹ́ríkà, Bob Clark mú kí àwọn ejò tó ń sìn bí irú rẹ̀.

Jíìnì méjì tó ń ṣiṣẹ́ àwọ̀ dúdú ni ejò kọ̀ọ̀kan ń jogún, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan kò bá ṣiṣẹ́, èkejì á ṣe é, ejò náà á sì dúdú bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Á kàn máa gbé e kiri láìsí ẹni tó mọ̀. Bí irú méjì bẹ́ẹ̀ bá gùn, nínú ẹyin mẹ́rin, a lè retí àfín kan, dúdú méjì tó ń gbé e, àti ọ̀kan tí kò gbé e rárá. Ṣùgbọ́n ẹyin kọ̀ọ̀kan ló ń mú ìpín tirẹ̀; wọ́n lè yé mẹ́fà kí àfín má sí níbẹ̀.

Mo nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí fún ènìyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ní alẹ́, mo fi ìdérí ìgò dúdú kan àti ìyeyè kan síwájú bàbá mi, mo ṣe bákan náà fún màmá mi. Mo ní kí wọ́n dijú, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Ní ìgbà karùn-ún, ìyeyè ni àwọn méjèèjì mú. Mo ṣàlàyé fún wọn. Bàbá mi wo ìdérí ọwọ́ wọn pẹ́.

"Ìyẹn ni pé tèmi náà wà níbẹ̀."

Màmá mi kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé, bàbá mi ló dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ àwa méjèèjì ló ti wá."

Èmi náà, bí mo ṣe dúdú tó yìí, mo lè máa gbé e. Nínú ọmọ mẹ́ta tó dúdú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, a lè retí pé méjì ń gbé e.

Mo sọ fún àbúrò mi pé owó mọ́nàmọ́ná funfun ju ti dúdú lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó dé fìlà rẹ̀ nítorí oòrùn, ó sì gbé agbọ̀n ọsàn. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó bi ìyá kan léèrè ohun tó ṣe, ẹ rántí pé ìyá nìkan kọ́ ló bí ọmọ.