ỌMỌ TA NI ÀDÙNNÍ?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹni tó bá tọpa ìdílé Àdùnní Olórìṣà lọ sí ìlú Òyìnbó, Graz ní Austria ló máa já sí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Susanne Wenger sí ní 1915. Ulli Beier, ọkọ tó bá wá sí Nàìjíríà ní 1950, ọmọ Jámánì ni.

Àmọ́ ẹ̀ka kan ń bẹ ní Ẹdẹ. Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, ló mú un wọ agbo òrìṣà níbẹ̀. Ó tún fẹ́ onílù, Àyánṣọlá. Ó gba ọmọ tọ́. Ṣàngódáre Àjàlá wà nínú wọn. Òṣogbo ló kú sí ní 2009.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ nìkan ní í so ìdílé ni? Ẹni tó ka ìran Àdùnní tó fo Ẹdẹ, gbòǹgbò ló gé sọnù.