Ẹrù Tí Ó Tẹ Ènìyàn

Ní ọjọ́ kan mo kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sára pátákó: "The load weighed her down." Mo ní kí àwọn ọmọ sọ ọ́ ní èdè wa. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, "Wọ́n wọn ẹrù náà, wọ́n sì sọ̀ ọ́ fún un." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín; èmi kò rẹ́rìn-ín. Ibi òṣùwọ̀n ni ó ti mọ "weigh"; ilẹ̀ ni ó sì mọ "down" sí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé bí ọ̀rọ̀ kékeré bá lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì, àwọn méjèèjì a máa bí ìtumọ̀ mìíràn. Ẹrù kò kúrò lórí rárá. Ọrùn ni ó tẹ̀ wálẹ̀. A sì ń lò ó fún gbèsè àti ìbànújẹ́ pẹ̀lú. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ní ayé àtijọ́, "weigh" yìí kan náà túmọ̀ sí láti gbé. Títí di òní, bí atukọ̀ bá fa ìdákọ̀ró sókè, "weigh" ni wọ́n ń pè é.

Ẹni tí ó ti rí eégún Ẹpa ní agbègbè wa kò nílò ìwé atúmọ̀. Ìtì igi kan ṣoṣo ni a fi ń gbẹ́ ère náà. Òmíràn wúwo tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì, síbẹ̀ ẹni tí ó rù ú a máa fò gun òkìtì. Kí ìjọ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ igi ni mo ń sọ. Moshood Bámigbóyè ti Odò-Ọwá, lẹ́bàá Ìlọ́fà, jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2022. Ẹ tilẹ̀ wo orúkọ rẹ̀: bá mi gbé oyè. Nínú èdè wa, ẹrù a máa fẹ́ ẹnì kejì. Ní oko a ní, "Gbé e rù mí", nílé a ní, "Sọ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí kò rọrùn fún mi láti gbọ́. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, mo wá sílé ní ìsinmi Àjíǹde, mo wọ aṣọ funfun. Ìyá mi ti oko dé pẹ̀lú ìdì igi ìdáná, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mi, sọ̀ mí." Mo wo aṣọ mi. Kí n tó dìde, ó ti dá a sọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì di ọrùn mú. Kò bá mi wí. Ó béèrè bóyá mo ti jẹun.

Mo tún gbólóhùn náà ṣàlàyé fún ọmọ náà. Ó ní, "Tíṣà, ta ni obìnrin náà?" Mo ní kí ó jókòó.